Télọ̀ Iwofe Tí Mo Fi Orúkọ Rẹ̀ Pamọ́

Nígbà yẹn, ìwé ìtàn ni mo máa ń kọ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ní ọ́fíìsì kan ní Old GRA, ní Port Harcourt. Ohun tí ọ̀gá wa fẹ́ràn lára mi kò ju ọ̀kan lọ: bí mo bá kọ̀wé nípa ènìyàn, ẹni tó ń kà á á rí onítọ̀hún kedere. Kí n tó gbé iṣẹ́ sórí tábìlì rẹ̀ báyìí, á ti ní, "Madam Novelist, make I see the person o!" Orí mi a sì wú.

Bàbá télọ̀ kan wà ní Iwofe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí omi. Òun ló sọ fún mi nípa àwọn tó ń jí epo rọ̀bì sè nínú igbó, àwọn tí èéfín wọn ń sọ imú gbogbo wa di dúdú ní Port Harcourt. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń gúnlẹ̀ sí, ó sì mọ ẹni tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, má dárúkọ mi o. Àwọn wọ̀nyí kì í bá èèyàn ṣeré." Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, n ò ní dárúkọ yín láéláé." N ò sì dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ Sátidé tí ìwé ìròyìn náà jáde, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ akérò ní Choba, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń kà á. Inú mi ń dùn, mò ń yọ́ ojú wò ó. Àfi bó ṣe fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká: "Oga, no be that Yoruba tailor for Iwofe be this? The one wey dey use left hand cut cloth?"

"Na him na!" ni awakọ̀ dáhùn. "Na him sew my wedding cloth."

Yéè, mo gbé! Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, n ò tiẹ̀ tọrọ gááfárà. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe fọwọ́ ara mi kọ ọ́: ọwọ́ òsì tó fi ń gé aṣọ, gọ̀mbọ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń feyín já òwú. Télọ̀ mélòó ló kọ gọ̀mbọ́ ní Iwofe? Orúkọ nìkan ni mo mú kúrò, èmi òpònú! Oníròyìn tí kò mọ ìtàn kọ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Á kàn kọ "ará àdúgbò kan", á sì bá tiẹ̀ lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn tó ń lọ sí Iwofe. Mo pe bàbá náà títí, fóònù rẹ̀ ò lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró ní Rumuolumeni. Mò ń làágùn, mò ń gbàdúrà, mò ń bú ara mi. Ṣé wọ́n ti débẹ̀? Ṣé wọn ò tíì dáná sun ṣọ́ọ̀bù? Awakọ̀ wẹ̀yìn wò mí: "Madam, you wan born?"

Ìdí máṣíìnì ni mo bá bàbá náà, ó ń ránṣọ. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò mọ èdè òyìnbó kà, ó ní kí n kà á fóun ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ òsì, ó rẹ́rìn-ín: "Áà! O mà rí mi dáadáa o." Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọn náà á kà á?"

"Wọ́n á kà á, Bàbá."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ó ti parí. Ògbómọ̀ṣọ́ yá lónìí."

Mo ní màá kọ òmíràn, màá sọ pé ẹlòmíràn ni mo ní lọ́kàn. Ó pòṣé. "Kí lo tún fẹ́ kọ? Jọ̀wọ́, má kọ nǹkan kan mọ́."

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ikwerre tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò wo ọkọ rẹ̀, èmi ló ń wò. "Ogbomoso? Me? Dem born my mama for this waterside. Aunty, wetin I do you?"

Ó fa àpò kan jáde, ó ń kó ìkòkò rẹ̀ sínú rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní òǹkọ̀wé kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kó wọn.