Bùnmi Kọ Mẹ́rìndínlógún, Àwọn Yòókù Kọ Mẹ́jọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Arámọ̀kọ́ níbí. Inú mi ò tíì rọ̀, mi ò sì ní purọ́ pé ó ti rọ̀.

Bùnmi, ọmọ ayálégbé mi, fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú mátíìsì. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà mátíìsì, ṣé kí n máa wò ó níran ni? Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń kọ́ ọ.

Lọ́gárídímù tí bééṣì wọn, ìyẹn nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ wọn, yàtọ̀ síra ló dà á láàmú jù. Mo ní kó má kánjú pa wọ́n pọ̀, kó kọ́kọ́ sọ bééṣì méjèèjì di ọ̀kan ná. Log₄x, ìdajì log₂x ni. Ọmọ náà pariwo: "Màmá Tíṣà, àṣé ò jù báyìí lọ!"

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá pé, irú rẹ̀ gan-an ló jáde: log₂x + log₄x = 6. Ṣé ẹ mọ̀ pé tíṣà wọn wọlé, ó kọ ìdáhùn sí bọ́ọ̀dù? Mẹ́jọ ló kọ! Ó ṣe é bíi pé bééṣì kan náà ni méjèèjì ní. Gbogbo wọn dà á kọ. Bùnmi nìkan ló ṣe tirẹ̀, ó kọ mẹ́rìndínlógún.

Àwọn tó ń máàkì rí àṣìṣe kan náà nínú ìwé wọn, wọ́n bá fagi lé mátíìsì ilé ìwé náà látòkè délẹ̀. Ti Bùnmi náà bá a lọ!

Mo lọ bá Dáre, ẹni tó ni ilé ìwé náà. A jọ wà ní kíláàsì nígbà èwe. Iṣẹ́ mi ló máa ń jí wò, òun ni wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo ní kó kọ̀wé sí àjọ ìdánwò pé tíṣà òun ló jẹ̀bi, kí wọ́n lè yẹ ìwé Bùnmi wò lọ́tọ̀. Ó ní ṣé kí wọ́n ti ilé ìwé òun pa nítorí ọmọ kan ni? Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ìgbà èwe mi pè mí: "Tinú alágídí! Ta ló ní kí ọmọ yẹn dá tiẹ̀ ṣe?" Alàgbà ìjọ nìyẹn o!

Bùnmi ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìjerò báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ìdánwò náà ṣe. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ká ní mo kọ mẹ́jọ, ṣebí ibí yìí náà ni ǹ bá wà?"



Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò dùn: níbi tí àwọn Dáre bá ti ń ṣe ọ̀gá, ìmọ̀ ò gba ọmọ ẹnikẹ́ni là. Ta ni irú èyí ti ṣe ọmọ rẹ̀ rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ó máa dára" fún mi.