Orúkọ Tí Evanthia Ń Béèrè ní Kọ́nà Òkè

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, idì pàápàá kì í lé kẹ̀kẹ́ mi bá ní ọ̀nà tó gòkè wọ abúlé wa ní erékùṣù Kírétè. Manousos, ọmọ Evanthia, nìkan ló máa ń gbìyànjú. Lọ́jọ́ kan, ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, ó wọkọ̀ òkun lọ sí Ọsirélíà, kò sì padà mọ́.

Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń gbé omi àti wàràkàṣì olóyin jókòó sí kọ́nà, tó ń fi ṣe àwọn àjòjì tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lálejò. Orúkọ ló ń bi àwọn obìnrin inú wọn, torí lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìyá bàbá ni àkọ́bí obìnrin ń jẹ́.

Mo ní, "Ìyá Manousos, ẹ máa bi gbogbo ayé lórúkọ tán."

"Kẹ̀kẹ́ rẹ tó ti dípẹtà ni kó o lọ bi lórúkọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, òógùn bò ó.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Evanthia ni, ìyá àgbà."

Omi dà nù lọ́wọ́ ìyá Manousos. Ó dì mọ́ ọmọ náà pẹ́ títí, kó tó wo ojú ọ̀nà tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ní òkè yìí ti ga ju agbára àwọn lọ."

"Bó ṣe ga lọ́jọ́ tó gbabẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ náà ló ṣì ga."

Ó bu omi sí ife mìíràn, ó gbé e sórí àga, ó sì kọjú sí kọ́nà.