Gírísì tí Mo Fi Sára Bíréékì

Igbe irin yẹn ṣì wà létí mi títí dòní. Níbi ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n ń kọ́ nítòsí Ìbà Housing Estate ni, èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin fa korobá kọnkéré lọ sókè. Iṣẹ́ bàbá kan láti Ọ̀tọ̀-Àwórì ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ń di bàìbàì, ni kọngílá bá gbé ẹ̀rọ fún mi, ó ní kí bàbá máa bu kọnkéré sínú korobá nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí wọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń rín. Bí wọ́n bá fún mi lómi, mo máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Okùn irin náà wé mọ́ àgbá kan, bẹ́líìtì tó nípọn sì yí àgbá ọ̀hún ká. Bí mo bá fa ọwọ́ bíréékì, bẹ́líìtì á fún àgbá náà pinpin, yíyí àgbá fúnra rẹ̀ á tún máa fà á le sí i, korobá á sì dúró gbọn-in lókè. Ṣùgbọ́n ó máa ń han gooro. Mo wò ó, gbogbo ara ẹ̀rọ ló ní gírísì, bẹ́líìtì nìkan ló gbẹ táútáú. Mo ní bàbá ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó lè já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dé, mo fi gírísì pa á yí po. Inú mi dùn pé mo ti sọ ọgbọ́n wọn di asán.

Korobá àkọ́kọ́ gòkè. Mo fa bíréékì, àfi bí ẹni di ẹja àrọ̀ mú. Korobá já wálẹ̀ wìì, bàbá sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sá!"

Wọ́n fò sórí òkìtì yanrìn. Kọnkéré bo ṣọ́bìrì wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti dúró.

Wọ́n wá fi ìka kan bẹ́líìtì. "Ta ló fi gírísì síbí?"

"Èmi ni, sà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó bà jẹ́."

Wọ́n wò mí títí. "Bíréékì kì í jẹ gírísì o. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè di nǹkan mú. Igbe tó ń ké yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Wọn ò fẹjọ́ mi sun kọngílá. Ṣùgbọ́n títí a fi parí ilé náà, bí korobá bá ti gbéra, wọ́n á jìnnà, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Ó dùn mí gan-an. Lónìí, bí bíréékì ọkọ̀ kan bá han ní Okokomáíkò, ojú bàbá ni mo máa ń rí. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́. Nínú àwa méjèèjì, bàbá nìkan ló mọ ẹni tó yẹ kí á fura sí.