Èrò Mẹ́ta Lórí Ohùn Ẹ̀rọ Kan Náà

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun kò gbọ́. Ó gbọ́ ohùn olórin, ó gbọ́ dùùrù, ó gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó máa rọ̀ lẹ́yìn orin bí òjò wínníwínní kò sí nínú ẹ̀rọ síídì tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un. Mo rántí bó ṣe jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Òmù-Àrán, tó na ìka sí ẹ̀rọ náà bí ìgbà tó ń na ìka sí ọmọ iléèwé tó parọ́. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí olùkọ́ ṣì ń fi owó oṣù ra nǹkan tó wù ú, ó ra ẹ̀rọ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan tí gbogbo àdúgbò ń wá gbọ́. Nígbà tí ọdún líle dé, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà jẹ tán, a wá abẹ́rẹ́ mìíràn títí dé Ìlọrin, a kò rí. Síídì wá dà bí ìdáhùn àdúrà, nítorí kò lo abẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta rédíò, tó sì ń tún un ṣe lójú ọ̀nà Ìlọrin, ni àwọn ọmọ ní kó bá wọn rà á bọ̀ láti Èkó. Mẹ́ta tó jọra bí ìbejì ni oní-rédíò rà bọ̀: ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọ̀kan fún Alhájì tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti oní-rédíò ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí iléèwé. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ dé tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rẹ́ òun ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tuntun, pé àlòkù ló gbé fún òun. Ó ní bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, òun yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn alàgbà ìjọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ tó bá ti dé iwájú alàgbà kì í padà wálé bí ọ̀rẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mo gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, mo sì ń jókòó sílé láìrí iṣẹ́. Ìyá mi ló ní kí n yẹ ẹ̀rọ náà wò kí Sọ́ńdè tó dé. Mo gba iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Mo ra ìwé àjákọ tuntun, mo fa ilà sí i, mo kọ ọ́ sókè pé "Èrò Àwọn Tó Ni Ín", mo sì lọ láti ilé dé ilé.

Alhájì kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀rí tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Wàláì, ó ti mọ́ jù. Mo ń gbọ́ bí olórin ṣe ń gbé itọ́ mì. Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbọ́ ìyẹn?" Oní-rédíò ní ohùn rẹ̀ dára ṣùgbọ́n ó gbẹ, bí ọbẹ̀ tí wọn ò fi epo sí tó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé olójà kì í sábà bú ọjà ara rẹ̀, torí náà ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹnì kan ní ó mọ́ jù, ẹnì kan ní ó gbẹ, ẹnì kan ní wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu. Mo rò ó, mo sì sọ fún gbogbo ilé pẹ̀lú ìdánilójú pé iná tó ń wọ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni kò lágbára. A yá jẹnẹrétọ̀ Alhájì. Iná lágbára débi pé gílóòbù kan bẹ́, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò dé. Ó yẹ kí n ti panu mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo wá fi ọkọ̀ akẹ́rù Alhájì kó ẹ̀rọ méjì yòókù wá sí pálọ̀ náà, mo tò wọ́n jọ, mo sì fi àwo kan náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dijú, ó gbọ́ wọn tán, ó mirí.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó wí. "Ó ti yan Alhájì náà jẹ."

"Bàbá, ṣé ó wá yan ara rẹ̀ náà jẹ ni?"

"Ẹni tó ń parọ́ fún èèyàn, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa á fún."

Èmi gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò sọ ọ́. Mo kàn bi í pé kí ló mú kó dá a lójú pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe jìbìtì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ dé, òun bi í pé níbo ló ti rí i, ó ní inú kòtò lójú ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin ni òun ti he é. Òun wò ó láìrẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló wá sọ pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ ni o, Tíṣà, má bínú."

Lọ́jọ́ kejì mo bi oní-rédíò ní ìbéèrè kan náà. Ìtàn rẹ̀ kò yàtọ̀: kòtò, ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin, àti ojú Tíṣà tó kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní nígbà tí òun rí i pé inú ń bí i, òun ní, "Ẹ̀fẹ̀ ni o, Tíṣà, má bínú."

Mo kọ gbólóhùn méjèèjì sínú ìwé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ohùn wọn kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, f àti ṣ, àwọn lẹ́tà tó jẹ́ pé èémí lásán ni wọ́n. Èémí bẹ́ẹ̀ náà sì ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ní èdè tiwa, ẹni tí kò bá gbọ́ irú èémí yẹn mọ́ ṣì lè máa fi òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn mọ ohun tí à ń wí, kí ó sì máa dáhùn bó ti yẹ, títí ọ̀rọ̀ méjì tó ní ohùn kan náà yóò fi pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ìyá mi bó ti ń ka ìwé ìròyìn, mo mi páálí ìṣáná sẹ́bàá etí rẹ̀. Kò mira. Mo fi ìka kan tábìlì pẹ́rẹ́, ó yíjú lójú ẹsẹ̀.

Ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé etí rẹ̀ ti lọ. Mo lọ sọ ọ́ fún oní-rédíò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Oní-rédíò fi irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà sílẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

Mo ní kò sí.

"Má sọ ọ́. Bí àwọn alàgbà bá gbọ́, ta ni yóò tún fún Tíṣà ní ọ̀pá ìdarí?"

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ṣé orúkọ tìẹ lo wá fẹ́ fi gbà á sílẹ̀?"

"Èmi ní ṣọ́ọ̀bù. Orin nìkan ni òun ní."

Ní Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, oní-rédíò mú mi dání lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó fa àga sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ débi tí eékún wọn fi kanra, kí ó lè rí ẹnu òun dáadáa, ó sì rọra sọ ọ́. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni, Tíṣà. Má bínú."

"Mo ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dáhùn. Ó dárí jì í. Kò sí ẹjọ́ ní Sọ́ńdè.

Oní-rédíò gbé ẹ̀rọ náà lọ, kò tú u rárá, ó sì gbé e padà pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣètò ohùn. A jọ yí gbogbo ohùn tínínrín inú rẹ̀ sókè dé òpin. Létí mi, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìṣó ha páànù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dijú, ó ní, "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọ̀hún nìyẹn." Láti ìgbà náà, àlejò kì í pẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀.

Ó darí akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ẹni tó bá ṣi ohùn, kò lè sá fún un. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ orin, ó bọ́. Ní ìlú, wọ́n ń sọ pé oní-rédíò ta àlòkù fún ọ̀rẹ́ ara rẹ̀, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Òun ló kọ́kọ́ kú. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró níwájú àwọn akọrin, ó ní ọ̀rẹ́ òun ṣẹ̀ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, òun sì ti dárí jì í. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀, wọ́n yin ọkàn rere rẹ̀. Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ kúnlẹ̀ ti opó náà, mo ní bóyá ó ti tó àkókò kí n sọ òótọ́.

"Orúkọ rẹ̀ ló fi rà á," ó wí. "Má bá a dá a padà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ti lọ báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè kọ èyí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, n kò lè búra pé ohun tí a ṣe tọ́. Bóyá bí a bá ti tètè sọ ọ́, etí náà ì bá rí ìtọ́jú. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju èyí lọ: ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, títí àìsàn fi dá a dúró, oní-rédíò a wá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń ké bí irin yẹn, kò ní fọwọ́ dí etí, kò ní yí i sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì bi í pé báwo ni ohùn rẹ̀, a ní ó dára.