Ìsọdipúpọ̀ Oníméje Lórí Òkìtì Yanrìn

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, àga kì í gbà mí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: mo ń jẹun, mo ń rìn, wọ́n ń dirun fún mi, mo ń yí orí kiri. Ìyá mi a fi ooyà kàn mí lórí, a ní kí n fara balẹ̀, àmọ́ ara ọ̀hún ò mọ ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí.

Onitsha pàápàá ò jókòó nígbà náà. Ogun ti tán, owó epo ti dé, gbogbo Woliwo, àdúgbò wa, ń kọ́lé. Lọ́ọ̀rì ń da yanrìn odò síwájú ilé, eruku sìmẹ́ńtì ń bá wa jẹ mọ́ínmọ́ín àárọ̀. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, rí ṣe dáadáa. Ó ra ohun ìṣirò ìgbàlódé kan fún mi, férémù onígi tí ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà ń yí lórí wáyà rẹ̀, kí n lè fi kọ́ ìsọdipúpọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ń mì í, ó ń dún, mo ń jó sí i.

Inú bí Bàbá. Ó ní ìjókòó ni wọ́n fi ń kàwé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, á ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n gbé ọwọ́ lé itan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Orí mi a ṣófo. Màá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ sókè títí apá mi á fi máa gbọ̀n. Nígbà tó sú u, ó ní bí n kò bá mọ oníméje kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, òun á fi mí ṣọwọ́ sí ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni màá ti kọ́ ìfarabalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Onitsha ni ìyá mi wà, ibẹ̀ náà ni Ngozi, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, wà.

Orí òkìtì yanrìn lèmi àti Ngozi ti máa ń ṣe oga, eré àwọn ọmọbìnrin Igbo: ẹ ó dojú kọra, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó fò, ẹ ó ju ẹsẹ̀ kan síwájú, tòun torin. Nígbà tí mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un, ó ní ká sọ oníméje di orin oga, tirẹ̀ ní Igbo, tèmi ní Yorùbá. Ẹni tó bá ṣì í sọ á bọ́ síta. A fò títí yanrìn fi kún inú irun wa. Kí n tó mọ̀, oníméje ti wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló wọ̀ o, kò tíì dé orí. Nígbà tí ọjọ́ pé, Bàbá gbé àpótí kalẹ̀. Mo jókòó, ó bi mí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó yíjú sí Ìyá mi pé kó di ẹrù mi. Ni mo bá bú sẹ́kún, mo fò dìde, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń ju ẹsẹ̀.

“Méje lọ́nà mẹ́fà, méjìlélógójì. Méje lọ́nà méje, mọ́kàndínláàádọ́ta.”

Mo fi ẹkún kọ ọ́ dópin. Ni ìyá mi bá rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ṣìfáwù, ẹ wo ara yín.”

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka wàláà nílé kéwú: ẹnu ń ké, ara ń mì síwá sẹ́yìn. Bí mo ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń mì lórí àga, kò tilẹ̀ fura. Bí òun náà ṣe kọ́ kéwú láti kékeré nìyẹn. Ojú tì í díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tú ẹrù náà.

Láyé òde òní, tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi obìnrin. Ó ń kọ́ ọ ní ìṣirò, ó ń kọ́ ọ ní dùùrù, kódà ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ọmọ inú àwòrán lè fò, kó sì jó. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀, ó dùn-ún wò. Àmọ́ ọmọ inú àwòrán ń fò, tiwa ò gbọdọ̀ fò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọmọ náà kì í jókòó, pé á dáa kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé onílé gbígbé tó le. Ọmọ mi wá ń béèrè èyí tó dáa lọ́wọ́ mi. Mo wo ọmọ náà, tó ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo rántí ẹrù tí Bàbá ní kí wọ́n dì fún mi.

“Kò sí ibi tó ń lọ,” ni mo wí.