Ọmọ tí Wọ́n Bí sí Ibùdókọ̀ Àtijọ́ Òkìtìpupa

Ìyá àgbà ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára púpurú nígbà tí a gbọ́ igbe obìnrin kan láti inú ilé-èrò. Ọ̀bẹ náà dúró lọ́wọ́ wọn. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ó ń lu páànù kíkankíkan, síbẹ̀ igbe yẹn la òjò kọjá, ó wá bá wa nídìí iná.

Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ gan-an ni ilé wa wà. Ọkọ̀ akẹ́rù onípákó ló pọ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, òmíràn kó epo pupa wá láti Akótógbò, òmíràn kó ẹ̀gẹ́ wá láti Igbódigò. Láàárín gbogbo wọn ni ilé-èrò dúró sí, ilé bíríkì tí òyìnbó kọ́ fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ìdí èrò sì ti sọ àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ di dídán. Èéfín púpurú ìyá àgbà a máa wọ ibẹ̀ lọ, a dà pọ̀ mọ́ òórùn epo ọkọ̀. Àwọn èrò tó wá láti ọ̀nà jíjìn sọ pé òórùn yẹn ló máa ń sọ fún àwọn pé àwọn ti délé.

Èmi àti ìyá àgbà nìkan la jọ ń gbé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi a bá wọn fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ, wọn a mọ ọ́n rogodo, wọn a tò ó sórí àjà lókè iná kó lè gbẹ di púpurú. Iṣẹ́ tí mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ni wọ́n tẹ́lẹ̀, nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ. Ẹnu àwọn ìyá ìjọ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n rò pé mo ti sùn lórí ẹní. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ìyá mi ti bí mi, ọwọ́ wọn náà ló sì kú sí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò gbẹ̀bí mọ́, wọn ò sì dárúkọ ìyá mi sétí mi rí. Bí mo bá béèrè, wọn a ní, "Lọ wo iná yẹn."

Awakọ̀ kan já wọlé, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá! Ìyàwó kan láti Ìyànsàn ni. Ilé ìwòsàn ló ń lọ, omi sì ti bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Ọmọ ti ń bọ̀."

"Ẹ wá ẹlòmíràn," ni ìyá àgbà wí. "Mi ò ṣe é mọ́."

"Ta la fẹ́ wá, Ìyá?"

Igbe náà tún dún. Wọ́n yíjú wò mí, wọ́n wò mí pẹ́. N kò mọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sínú òjò láì borí. "Gbé omi gbígbóná máa bọ̀," ni wọ́n wí bí wọ́n ti ń lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn awakọ̀ ti na tapólì ọkọ̀ yí obìnrin náà ká. Wọ́n kọ̀yìn sí i, wọ́n di etí tapólì mú gírígírí, àwọn ọkùnrin kan náà tó máa ń fi ariwo gba èrò lọ́wọ́ ara wọn. Mo ti omi wọlé lábẹ́ tapólì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ ìyá àgbà lórí ikùn obìnrin náà. Ó ń gbọ̀n.

"Olúwa, má jẹ́ ó tún ṣẹlẹ̀," ni wọ́n ń wí lábẹ́lẹ̀. "Má jẹ́ ó tún ṣẹlẹ̀."

Obìnrin náà gbọ́ ọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀ rí, Ìyá?"

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀. "Ọmọ tèmi ló kú lọ́wọ́ mi. Bó o bá ní kí n lọ, màá lọ."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ má lọ, Ìyá."

Wọn ò lọ. Ó pẹ́, ó le, ìgbà kan tiẹ̀ wà tí igbe obìnrin náà dáwọ́ dúró, tí mo fi ọwọ́ di etí mi kí n má baà gbọ́ ohun tó máa tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ké. Àwọn awakọ̀ hó "Halelúyà!" síbẹ̀ kò sí ẹni tó yíjú padà. Ẹnì kan sáré lọ fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó kù nínú ibùdó náà sì ń gbè é.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní kí ìyá àgbà sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n dárúkọ kan. N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò mí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi mọ orúkọ ta ni.

Púpurú orí iná ti jóná nígbà tí a padà délé. Wọn ò tilẹ̀ bojú wò ó. Wọ́n pè mí jókòó tì wọ́n, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá mi: bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú rẹ̀, bó ṣe máa ń gun igi àgbọn bí ọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sunkún, wọ́n tún sọ ọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí nínú ìjọ.

Wọ́n ti sọ ibùdókọ̀ náà di ìgbàlódé báyìí. Ògiri bíríkì ilé-èrò ni wọ́n dá sí, wọ́n fi gíláàsì kún un, wọ́n tẹ́ táìsì sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń kéde ọkọ̀ tó kàn. Àràárọ̀ ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mi ní Òrè. N kò kábàámọ̀ àtúnṣe náà, ibẹ̀ mọ́, òjò ò pa èrò mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí mi ká a máa wo fóònù wọn, èmi a máa wo ògiri.

Ìyá àgbà ti sùn nínú Olúwa láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹni tó láyà kì í gbọ̀n. Ọwọ́ wọn gbọ̀n títí ọmọ fi dé, wọn ò sì gbé ọwọ́ náà kúrò. Nítorí náà, bí ohun tó ti já mi kulẹ̀ rí bá tún dojú kọ mí, n kì í dúró kí ẹ̀rù kọ́kọ́ tán. Èmi àti ẹ̀rù náà la jọ ń lọ.