Ilé Tí Kò Kàn

Àǹtí Onísùúrù ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí kì í wá síléèwé déédéé. Ó fẹ́ mọ̀ dájú bóyá bíbẹ òbí wọn wò nílé ń ṣiṣẹ́, ló bá pín wọn sí méjì: ó ń lọ sílé àwọn kan, kò yà sọ́dọ̀ àwọn yòókù rárá, kó lè fi wọ́n wéra. Àwọn tó bẹ̀ wò kúkú yí padà. Orí Àǹtí wú.

Àfi bí ìyá ọmọbìnrin kan ṣe wá sọ pé ọmọ òun ò ní padà wá mọ́.

“Àǹtí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé aládùúgbò wa ni mo máa ń gbé àga síta dè yín. Mo ṣáà rò pé ilé wa ló kàn.”